Ilẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Òfìfo

Kizilbulak, Turpan
Ọjọ́ kẹta, oṣù Bélú, 1996

Sabir ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Istanbul kò fìyà jẹ ọ́ jù? Hekim àbúrò rẹ ni mo ní kó bá mi kọ ìwé yìí, torí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, orúnkún ò sì jẹ́ kí n jókòó pẹ́. Ohun tí mo bá sọ ni mo ní kó kọ, ṣùgbọ́n o mọ àbúrò rẹ, kò lè ṣe kó má ki ẹnu tirẹ̀ bọ̀ ọ́. (Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni o. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Hekim.)

A ti sin àjàrà tọdún yìí. Òtútù tètè dé, àwa náà sì sáré. A gé ẹ̀ka, a tẹ ìtàkùn sínú kòtò, a wa erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ọgbà sì wá rí bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan sí rí. Lọ́dọọdún tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, àyà mi máa ń já. Àjàrà tí bàbá yín gbìn lọ́jọ́ tí mo bí ọ, ìwọ ló yẹ kí o máa da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ lé e, ṣùgbọ́n Hekim ló tún bá ọ ṣe é. Ọdún kẹrin rèé. Ó ní òun ò ní ṣe é mọ́ lẹ́yìn èyí, pé òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ. (Èyí, òótọ́ ni.)

Zhou aládùúgbò wa fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ bá wa kó erùpẹ̀. Ó ní, "Ìyá Sabir, Sabir yìí ti di ará Tọ́kì pátápátá. Ẹ yáa lọ bí òmíràn." Mo ní kó lọ fọ ẹnu rẹ̀, pé opó ni mí, kí ni mo fẹ́ fi bí òmíràn? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Omi kariz wa ti ń fà sẹ́yìn. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ gbẹ́ láti ìdí òkè wá sí abúlé, tí kò gbẹ rí láyé mi, ó ti wá ń ṣàn bí ìtọ̀ ọmọdé. Kànga ẹlẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ tuntun gbẹ́ sókè ló ń fà á mu. Wọ́n fẹ́ ilẹ̀ sí i, àwa la wà lójú ọ̀nà wọn.

Wá oògùn orúnkún fún mi. Bí o bá sì fẹ́ fi ìborí ránṣẹ́, má fi olódòdó ńláńlá ránṣẹ́ mọ́. Mi ò lọ sóde ijó. Àti pé láti ìgbà ìrúwé, ìwé kan ṣoṣo ni mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé owó ìwé ni kò sí ni, àbí ọ̀rọ̀ ló tán?

Èmi ìyá rẹ,
Ìyá Sabir


Istanbul
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Ọ̀pẹ, 1996

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí Hekim oníwàhálà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Iṣẹ́ kóòtù aláwọ tí à ń rán níbí kò jẹ́ kí ènìyàn gbórí sókè. Ìgbà òtútù làwọn oníbàárà wa ń pọ̀. Oògùn wà nínú ẹrù tí Niyaz oníṣòwò ń gbé bọ̀, pẹ̀lú ìborí dúdú tí kò ní òdòdó kankan.

Ìyá, mo ka ti Zhou, inú mi kò sì dùn. Ní ọjọ́ Àìkú, àwa ará ilé máa ń pàdé nínú ẹgbẹ́ wa níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ wa sórí ògiri, ó sì fi hàn wá pé ilẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn bàbá ńlá wa láti ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún. Mo jókòó síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ronú kan Zhou. Bàbá rẹ̀ bá àwọn ọmọ ogun ìjọba wá láti Henan, ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, kò mú ju ṣọ́bìrì kan lọ́wọ́, wọ́n sì bu ilẹ̀ fún un bí ẹni bu oúnjẹ. Lónìí, ọmọ rẹ̀ ló ń wọ inú ọgbà wa jáde tó ń fi yín ṣàwàdà!

Ẹ dákun, ẹ má fún un ní tíì mọ́. Kèrékèré báyìí ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ ẹni. Ẹ sì sọ fún Hekim pé kó má kàn máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan.

Ọmọ yín,
Sabir


Kizilbulak
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èrèlè, 1997

Sabir,

Mo kí ọ. Oògùn dé, ìborí dé, o ṣeun.

Èmi lo wá ń kọ́ ní ẹni tí màá fún ní tíì? Nígbà tí bàbá rẹ dákú nínú ọgbà, kẹ̀kẹ́ ta la fi gbé e dé ilé ìwòsàn? Ìwọ wà ní Istanbul. Zhou ló wa kẹ̀kẹ́ náà, tó ń sunkún bí obìnrin lójú títì. Má rò pé mo ti gbàgbé ohun tí ojú mi rí o. Ilé rẹ̀ ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé. Ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tuntun; nígbà tí Hekim lọ, wọ́n ní èdè àwọn Hán, èdè Zhou àti ti ìjọba, kò dán mọ́rán lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Inú mi ló ń jó, kì í ṣe tìrẹ, ìwọ tó ń wo ilẹ̀ lára ògiri.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ náà rán ènìyàn wá wo ilẹ̀, nígbà tí gbogbo àjàrà ṣì wà lábẹ́ erùpẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ṣáájú wọn, bàtà rẹ̀ ń dán, ará etí òkun lọ́hùn-ún ni, kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sin àjàrà rí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ilẹ̀ òfìfo." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, àjàrà ló wà lábẹ́ bàtà rẹ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ta ló ń sin igi?"

Ni Zhou bá fò lé e. Ó fi èdè wọn bú u dáadáa, ó mú ọkọ́, ó sì hú àjàrà kan síta lójú wọn. Tirẹ̀ ló hú, kì í ṣe tiwa, yìnyín sì pa á mọ́jú. Ọ̀gá wọn, àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn, ní igi kan kò tó láti fi pe ilẹ̀ lọ́gbà. Ó tún ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun láti ìlà-oòrùn ti dáko níbí, pé ó wà nínú ìwé ìtàn, nítorí náà ilẹ̀ ìjọba ni látilẹ̀wá. Zhou bi í pé, "Èwo nínú àwọn ọmọ ogun náà ló fẹ́ bá mi gba tèmi?"

Nígbà tí wọ́n lọ, èmi àti Zhou tahùn síra wa. Mo ní bàbá bàbá mi ló gbẹ́ omi tó ń mu. Ó ní bàbá òun ló gbin igi tó ń gba ìjì fún ilé mi, pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sì sin bàbá náà sí, àti pé ibẹ̀ gan-an làwọn ilé iṣẹ́ fẹ́ la ọ̀nà gbà. Mo ní, "Ta ló pè é wá?" Ó ní, "Wọ́n pàṣẹ fún un ni, Ìyá Sabir. Ṣé ẹ rò pé ó fẹ́ kúrò nílé?" Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ọ̀gá yìí ní ẹgbẹ̀rún méjì. Àwọn tó ya àwòrán sínú ihò àpáta lókè ibí, ta ló mọ èdè tí wọ́n ń sọ? A ò rí ọ̀kan nínú wọn kó wá bá wa dá sí i. Mo bu tíì fún Zhou, ó mu ún tìbínú-tìbínú, ó lọ ilé rẹ̀.

Wọ́n gbà pé àwọn máa padà wá wò ó nínú oṣù Òkúdu, nígbà tí ewé bá ti bo ọgbà. Zhou máa jẹ́rìí pé ọgbà àjàrà ni láti ìgbà tó ti ń rá. Bí ẹnu Hán bá kún tiwa, wọ́n á gbọ́. Ìyẹn gan-an ń dùn mí, pé ẹnu tèmi nìkan kò tó nǹkan lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ṣáà má lọ.

Sabir, mo bẹ̀ ọ́, ṣọ́ ohun tí o ń kọ. Ìwé rẹ tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ní gọ́ọ̀mù méjì lẹ́nu, wọ́n ti ṣí i kà. Láti ìgbà tí rògbòdìyàn ti ṣẹlẹ̀ lápá àríwá, wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin wa káàkiri. Èyí, Niyaz ló ń gbé e bọ̀ fún mi, ìyẹn ni mo ṣe lè la ẹnu. Àwọn tó ń bọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Ìyá Sabir


Istanbul
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Ẹrẹ́nà, 1997

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo ti gbọ́, ó sì ti yé mi. N kò ní kọ ìkọkúkọ mọ́. Ìgbà òtútù ti lọ níbí. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ẹ máa fọgbọ́n kọ ọ́, èmi náà á máa fọgbọ́n kà á. Gbogbo wa níbí la ti mọ bí a ṣe ń ka ìwé ilé báyìí. Bí ìwé bá dé fún ẹnì kan, a máa ń jókòó tì í, a ó máa wo ohun tó fara sin sínú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Sabir


Kizilbulak
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Igbe, 1997

Ẹ̀gbọ́n mi Sabir,

Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyá ti sàn díẹ̀. Àwọn àlejò wa kò tíì padà wá, à ń retí wọn. Baba Zhou ní kí n kí ọ, mo kí ọ.

Fọ́tò kan wà nínú ìwé yìí. Ìyá ní kí n má kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé kí o fi ojú ara rẹ wá a. Nítorí náà, wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí a kò kọ wà nínú rẹ̀. Bí o bá rí i, má tíì pariwo o.

Àbúrò rẹ,
Hekim


Istanbul
Ọjọ́ kejì, oṣù Òkúdu, 1997

Ìyá mi, àbúrò mi,

Mo ti rí i.

N kò lè jẹun lọ́jọ́ tó dé. Ìwé náà sọ pé oṣù Igbe, ìgbà tí ewé yẹ kó ti máa yọ lórí àtíbàbà. Hekim dúró sí àárín ọgbà nínú kóòtù tuntun, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín, kò sì sí ewé kan, kò sí ìtàkùn kan, ilẹ̀ pupa lásán láti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ìdí ilé tí à ń sá àjàrà sí. Wọ́n ti hú gbogbo rẹ̀ tán. Àjàrà tèmi, àjàrà tirẹ̀, èyí tí bàbá ńlá wa gbìn. Mo gbé e lọ síbi ẹgbẹ́, ó kọjá lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àwọn àgbàlagbà ń sunkún. Mo wá rántí pé ẹ ti kọ ọ́ sí mi ní Èrèlè pé Zhou ló kọ́kọ́ mú ọkọ́ hú u. Kò tètè yé mi nígbà yẹn. Ẹ dárí jì mí.

Hekim, o ní kí n má tíì pariwo. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń dákẹ́, wọ́n á gbé wa mì. Fọ́tò náà ti jáde ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé ọgbà Kizilbulak ti di ilẹ̀ òfìfo. Orúkọ Zhou tó júwe ọ̀nà fún wọn wà níbẹ̀. Mo dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ nílé ìwé! Ojú á tì wọ́n. Gbogbo ayé ti ń gbọ́ orúkọ abúlé wa.

Niyaz ló ń mú èyí bọ̀. Ẹ fún un lésì, ẹ dákun.

Sabir


Istanbul
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ògún, 1997

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Hekim. Èsì kò dé. Bóyá ọwọ́ yín dí nídìí sísá àjàrà. Mo gbàgbé, kò sí àjàrà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré tó fún mi, kí ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ẹ wà.

Sabir


Istanbul
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ọ̀wàrà, 1997

Ìyá mi,

Niyaz dé. Ó ní òun lọ sílé wa, òun kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn. Ó ní Baba Zhou wà lójúde, òun kí i, ó sì wọlé lọ láìdáhùn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo ni Hekim wà? Mo wo fọ́tò náà lójoojúmọ́, mi ò rí nǹkan míràn nínú rẹ̀.

Ẹ fún mi lésì, ìyá. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́.

Sabir


Kizilbulak
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1998

Sabir,

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí, Niyaz ló ń gbé e bọ̀. Fara da ìkọ̀wé mi. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ya á.

O ní o ò rí nǹkan míràn nínú fọ́tò náà. Wo ọwọ́ òsì, lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ó di ìkòkò tíì mú, ó ń fi ìborí bo ẹnu torí ẹ̀rín ń pa á. Zulpiye ni, ọmọ oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀. Òun ni Hekim fẹ́ fẹ́. A kò tíì lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ní kí o má tíì pariwo. Ohun tí a kò kọ nìyẹn. Àbúrò rẹ ń bá ọ ṣeré. Ó jókòó sí ìkángun tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó, á wá a títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n."

Ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ la ya fọ́tò yẹn, nínú oṣù Èrèlè. Kóòtù ọdún ló wọ̀. Àjàrà wà lábẹ́ ilẹ̀, bó ṣe máa ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo Èrèlè láti ìgbà tí o ti jáde nínú mi. Ayàwòrán kò gbé fíìmù rẹ̀ lọ sígboro títí ó fi yà á tán níbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn, ìyẹn ló fi di Igbe. Ìwọ tí o gbé ọkọ́ kékeré kí o tó lè sọ̀rọ̀ já gaara! Ìwọ, ọmọ Kizilbulak, o wo ọgbà tí a sin, o sì pè é ní òfìfo. Ọmọkùnrin oníbàtà dídán yẹn, mo dárí jì í. Kò mọ̀.

Wọ́n padà wá ní Òkúdu bí wọ́n ṣe wí. A ti gbálẹ̀, a ti wọ́n omi sílẹ̀, Zulpiye ti gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. Ewé ti bo àtíbàbà dẹ́dẹ́, a ò rí ojú ọ̀run. Mo ní lọ́kàn mi pé kí wọ́n ṣáà gbé orí sókè ni, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀gá náà kò wo òkè. Ọlọ́pàá méjì tẹ̀lé e. Ó jókòó sábẹ́ àjàrà bàbá mi, ó yọ ìwé ìròyìn yín jáde, ó sì gbé e lé orí búrẹ́dì.

Ó ní, "Ọmọ yín ti sọ fún gbogbo ayé pé kò sí nǹkan kan lórí ilẹ̀ yìí. Ohun tí àwa náà kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣé òpùrọ́ ni ọmọ yín ni, Ìyá?"

Sabir, kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní o kò parọ́, ilẹ̀ lọ. Bí mo bá ní o parọ́, a jẹ́ pé o ba orúkọ ìjọba jẹ́, ẹni tó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ ni alájọṣe rẹ. Òjìji ewé wà lórí ìwé ìròyìn níwájú wa, ó ń mì.

Hekim ló dáhùn. Ó ní, "Èmi ni mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà wo òkè, ewé rèé." Ó rò pé òun ń gba ilẹ̀ là. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́. Wọ́n mú un lọ pẹ̀lú erùpẹ̀ ọgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún un.

O máa bèèrè Zhou. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè é kó jẹ́rìí. Ọ̀gá náà ka ohun tí o kọ nípa rẹ̀ sí i létí. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Sabir, ṣé èmi ni mo júwe ọ̀nà fún wọn?" Mo ní, "Rárá." Ó ní, "Kí ló dé tí ọmọ yín fi kọ ọ́?" Ó yí padà, ó lọ ilé rẹ̀, kò jẹ́rìí kankan. Mi ò dá a lẹ́bi. Irọ́ ni, mo dá a lẹ́bi. Bó bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣùgbọ́n ìwọ lo gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Nínú oṣù Ọ̀wàrà, kó tó di àkókò tí a máa sin àjàrà, katapílà dé. Nǹkan tí o pariwo pé ó ṣẹlẹ̀ wá ṣẹlẹ̀. Wọ́n hú egúngún bàbá tó bí Zhou pẹ̀lú, Zhou kó o sínú àpò, ó fi kẹ̀kẹ́ yẹn gbé e lọ. Ọ̀nà ti gba ibẹ̀ kọjá.

Òtútù mú wa tán, mo jáde pẹ̀lú ọkọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo ti dé ojú ilẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ohun tí mo fẹ́ sin.

Ìyá rẹ


Istanbul
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èrèlè, 1998

Ìyá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín.

Mo lọ bá olóòtú ìwé ìròyìn. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo ṣì í mú. Ó ní ṣebí wọ́n ti wá hú u báyìí, pé òótọ́ ló ti dà, pé bí òun bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, á ba ìjà wa jẹ́. Mo gbá a létí. Wọ́n lé mi jáde nínú ẹgbẹ́.

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan yìí. Ká ní wọn kì í ṣí ìwé wa ni, ṣé mo máa kà á bẹ́ẹ̀? Ìwé tí wọ́n bá kọ "àlàáfíà la wà" sí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Àwọn ló kọ́ wa ní ìwé kíkà burúkú yìí. Mi ò sọ ọ́ láti fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Mo ń bọ̀ wálé. Màá lọ bá wọn, màá sọ pé èmi ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fi Hekim sílẹ̀. Mo ti bá Niyaz sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹ dúró dè mí.

Ọmọ yín,
Sabir


Kizilbulak
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Igbe, 1998

Sabir,

Má wá.

Wọ́n jẹ́ kí n rí Hekim lẹ́ẹ̀kan. Ó ti rù. Ó bèèrè Zulpiye, mo ní ó ṣì ń mú búrẹ́dì wá fún mi. Ó ní gbogbo ìwé tó bá ti Istanbul wá ni wọ́n máa ń gbé wá síwájú òun, wọ́n á máa bi í ohun tó fara sin síbẹ̀, kò sì rí nǹkan tó lè sọ fún wọn, wọ́n á sì lù ú. Ohun tí ìwé rẹ ń ṣe fún un nìyẹn. Bí ìwọ fúnra rẹ bá dé, wọn ò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n mú èkejì. Méjèèjì ni wọ́n máa gbà.

Nítorí náà, má kọ̀wé mọ́. Má rán Niyaz mọ́ lẹ́yìn èyí tó ń gbé bọ̀. Wọ́n wá kọ orúkọ àwọn ará ilé sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. Mo ní ọ̀kan. Wọ́n ní èyí tó wà ní Tọ́kì ńkọ́? Mo ní mi ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ojú mi títí, mo sì wo tiwọn. Jẹ́ kí irọ́ yẹn dúró. Bí àbúrò rẹ bá ṣì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ, jẹ́ kó dúró.

Zhou wá lánàá. Kò tíì wọ ilé mi láti Òkúdu. Kí katapílà tó dé ló ti gé ẹ̀ka méjì nínú àjàrà wa, ó sì sin wọ́n sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó gbé wọn wá nínú àkísà tútù, wọ́n ti ń yọ ojú. Ó ní èyí ni ti Hekim, èyí ni ti Sabir. Mo gba ti Hekim, mo gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ilẹ̀ ṣì kù. Mo dá èkejì padà fún un. Ó ní kí ló dé. Mo ní ẹni tó ni ín kò sí.

Ó tún fi àkísà wé e. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá Hekim." Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní báyìí, gbogbo àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Má wá nǹkan kan lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ohun tó fara sin síbẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o ṣe kà á.

Èmi ni,
Ìyá Hekim